Oúnjẹ Ọ̀fẹ́ Fún Ọmọ Ilé-Ìwé: Ọ̀wọ̀ Ni Kí A Fi Bù Ú



 



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Kì í ṣe oúnjẹ ìṣínu, kì í ṣe ti wòlímà tàbí ti ìsọmọlórúkọ. Oúnjẹ ọ̀sán tí à ń fún àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, yálà èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ilé-ìwé ni o, tàbí èyí tí àwa fúnra wa ń sè ní ilé-kéwú. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní kéwú mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọmọ tí kò jẹun láti àárọ̀, bí o bá ní kí ó ka Súrà Yásínì fún ọ, ojú rẹ̀ á wà lára wàláà, ọkàn rẹ̀ á wà níbi tí wọ́n ti ń din àkàrà.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní May 2023, ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí. Owó ọkọ̀ láti Orozo dé Nyanya, kí a má tíì sọ ti inú ìlú Àbújá, ti di ohun tí òṣìṣẹ́ ń jókòó rò kí ó tó wọ bàtà. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi gbé ìkòkò kaná fún àwọn ọmọ ilé-kéwú ní ọjọ́ Àtìní, Àtàlátà àti Àlàrùba. Kí Ọlọ́hun san án fún gbogbo ẹni tí ó dá owó sí i ní ìlọ́po ìlọ́po. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere náà ń fẹ́ àtúnṣe, ẹnu èmi ni àtúnṣe náà yóò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé mò ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí kí n tó wá jókòó ti àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí oníkálùkù mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá, ìlàjì àpò ẹ̀wà ni mo gbé kalẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé, bàbá wa Lémọ́ọ̀mù ṣe àdúà fún mi, gbogbo ilé ṣe àmín. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ẹ̀wà náà ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kòkòrò ti lu ú. Àwọn oníbàárà ti ń fọwọ́ bù ú, wọ́n á wò ó, wọ́n á dà á padà sínú mùdù. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ọmọdé ni wọ́n, ebi ń pa wọ́n, bí a bá ti fi epo àti ata sí i, ta ni yóò mọ̀? Mo tilẹ̀ kà á sí ọgbọ́n: ọjà tí kò tà ti di sàráà, mo ti jèrè méjì.

Ọjọ́ tí wọ́n sè é, mo wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ gba àwo tirẹ̀, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣa ẹ̀wà náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ní ihò, ó kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí kò ní ihò, ó kó o sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ń ṣà á bí ẹni tí ó ń fa tẹ̀sùbáà. Kò ráhùn, kò pe ẹnikẹ́ni kí ó wá wò ó. Nígbà tí ó ṣà á tán, èyí tí ó kù fún un kò kún ọwọ́. Ó jẹ ẹ́, ó sì ní “Àlùhámúdù lílláhì,” gẹ́gẹ́ bí èmi fúnra mi ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà gún mi ju èébú lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí Súrà Bákárà sí ẹsẹ 267, ẹsẹ tí mo ti kà fún ènìyàn láìmọye ìgbà. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti máa ṣa èyí tí kò dára nínú dúkìá wa kí a fi ṣe sàráà, nígbà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ fún àwa, a kò ní gbà á àfi bí a bá di ojú. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe àlàyé ẹsẹ náà sọ ohun tí ó fa sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Àwọn Ansar ní Mọdínà jẹ́ olóko dàbínù. Bí wọ́n bá kórè, wọ́n á so ìdì dàbínù kọ́ sínú mọ́ṣáláṣí Ànábì fún àwọn tálákà tí ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí ebi bá ń pa nínú wọn á fi ọ̀pá lu ìdì náà, yóò já bọ́, yóò jẹ ẹ́. Ẹni kan wá wà tí ó so ìdì tí ó ti bàjẹ́ mọ́ àwọn tí ó dára. Ọ̀rọ̀ ìdì dàbínù kan tí ó bàjẹ́ ni Ọlọ́hun fi sọ ẹsẹ kan kalẹ̀ láti sánmọ̀, tí a ó máa kà títí ayé yóò fi parẹ́. Mo wò ó, mo rí i pé ìlàjì àpò tèmi tóbi ju ìdì dàbínù lọ.

Mo ti gba ẹ̀wà náà padà. Mo ti gbé òmíràn lọ, èyí tí mo ń sè fún àwọn ọmọ tèmi nílé ni. Mo sọ èyí nínú ìwé ìròyìn wa kí ẹnikẹ́ni tí ó ṣe irú rẹ̀ má baà rò pé òun nìkan ni. Àwọn kan nínú wa gbé ìrẹsì tí ó ti ń rùn wá. Àwọn kan gbé èyí tí ó ṣẹ́kù níbi òde lánàá wá, tí ọbẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ kan. Kò sí ẹni tí ó ń gbé irú rẹ̀ fún àna rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò pẹ̀lú wà níbẹ̀, nítorí pé oníṣòwò ni mí. Àwa kan máa ń da oògùn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, irú èyí tí a fi ń pa ẹ̀fọn àti aáyán nínú ilé. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré Sniper nínú ọjà nítorí ewu rẹ̀. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bihar ní ilẹ̀ Íńdíà ní July 2013: àwọn ọmọ ilé-ìwé jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́, oògùn apakòkòrò ti wọ inú rẹ̀, ọmọ 23 ló kú. Bàbá wọn kò rán wọn lọ sógun, ilé-ìwé ni ó rán wọn lọ. Nítorí náà, ẹ̀wà tí ó bá ń rùn sí oògùn, kí a má gbé e dé ìdí ìkòkò àwọn ọmọ rárá, ìbáà jẹ́ àpò mẹ́wàá.

Èyí ni ti dídára oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ kejì ni ọ̀nà tí a fi ń bù ú, òun ni ó sì dùn mí jù.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ó máa ń sọ pé òun gba ààwẹ̀. Ní ọjọ́ Àtìní, mo yìn ín, nítorí pé ààwẹ̀ Àtìní súnnà ni. Ní ọjọ́ Àtàlátà, ó tún ní òun gba ààwẹ̀. Ní Àlàrùba, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bi í léèrè bóyá ó ń san gbèsè Rámádàánì ni, ọmọ tí ààwẹ̀ kò tíì di dandan fún. Ó wolẹ̀, kò dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó kúnlẹ̀, mo ní kí ó dìde, kò dìde. Ó ní, “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ orúkọ ọmọ mi kúrò nínú ìwé tí wọ́n ń pè jáde. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun kò ní lọ ilé-kéwú mọ́ bí wọ́n bá tún pè òun ní ọmọ aláìní.” Mo ní, “Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Kí ni ọmọ náà ń jẹ nígbà náà?” Ó ní ohun tí àwọn bá rí ní alẹ́ ni.

Ẹ wò ó bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọ tí òbí wọn lè san owó díẹ̀ máa ń tò sí apá ọ̀tún, wọ́n ń gba àwo tí ó ní ẹran. Fún àwọn tí kò lè san, akọ̀wé á ka orúkọ wọn láti inú ìwé ní ohùn rara, wọ́n á tò sí apá òsì, àwo tiwọn kò ní ẹran. Kò sí ẹni tí ó pète láti bú ọmọ kankan. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe kí owó má baà sọnù. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò mọ ìṣirò owó. Ìṣirò ojú ni ó mọ̀. Ó mọ ẹni tí ó dúró sí ọ̀tún àti ẹni tí ó dúró sí òsì, àwa náà ni a sì ń kọ́ ọ ní kéwú pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń gba ìwé ní Àlùkìyáámọ̀ bí ènìyàn bá là.

Nínú Súrà Bákárà kan náà, ní ẹsẹ 273, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ nípa àwọn tálákà kan tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n, nítorí pé wọ́n kó ara wọn níjàánu. Àmì ojú wọn ni a ó fi mọ̀ wọ́n. Wọn kì í dúró ti ènìyàn ní ọrùn láti tọrọ. Ọmọ tí ó purọ́ ààwẹ̀ náà ń bẹ nínú wọn. Irọ́ kò dára, mo sì bá a wí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ni a ta irọ́ náà fún un, ó kàn fi ebi ọjọ́ mẹ́ta rà á ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe ṣe tirẹ̀. Àbú Hùráírà, ẹni tí a ti gbọ́ hàdíìsì púpọ̀ lẹ́nu rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará Súfà, àwọn tálákà tí kò ní ilé tí kò ní ẹbí ní Mọdínà, tí wọ́n ń sùn sí ibòji mọ́ṣáláṣí. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀, Bùhárì sì gbà á sílẹ̀, pé ebi pa òun dé ibi tí òun fi ń so òkúta mọ́ inú. Ó jókòó sí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá. Àbúbákárì kọjá, ó bi í léèrè nípa ẹsẹ Àlùkùránì kan. Kì í ṣe pé kò mọ ẹsẹ náà. Ó fẹ́ kí ó ní kí ó máa bọ̀ nílé wá jẹun ni. Àbúbákárì dáhùn, ó kọjá. Úmárù náà kọjá, ó bi òun náà, bákan náà ni. Ẹ kò rí i pé ọmọ kíláàsì mi ní àgbà tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí? Ẹni tí ojú ń tì kì í sọ pé “ebi ń pa mí.” Á máa béèrè ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni Ànábì dé. Ó wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti mọ̀. Kò bi í léèrè ohunkóhun ní ojú ọ̀nà. Ó ní kí ó tẹ̀lé òun. Wọ́n bá wàrà nínú abọ́ kan nílé, ẹ̀bùn ni wọ́n gbé wá. Ànábì ní kí ó lọ pe gbogbo àwọn ará Súfà wá. Inú Àbú Hùráírà bàjẹ́ díẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀: kí ni abọ́ wàrà kan yóò ṣe láàárín gbogbo àwọn yẹn? Wọ́n dé, olúkúlùkù jókòó nínú ilé Ànábì bí àlejò. Àbú Hùráírà ń gbé abọ́ náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni kọ̀ọ̀kan sì mu ún yó kí ó tó dá a padà. Nígbà tí gbogbo wọ́n mu tán, Ànábì ní kí Àbú Hùráírà jókòó, kí ó mu. Ó mu, ó tún ní kí ó mu sí i, títí ó fi búra pé kò sí àyè mọ́. Ìgbà náà ni Ànábì tó gba abọ́, ó dúpẹ́, ó ṣe bìsìmílà, ó mu èyí tí ó ṣẹ́kù.

Ẹni tí ó ni ilé ló mu kẹ́yìn. Láti inú abọ́ kan náà ni gbogbo wọ́n ti mu, orúkọ ẹnikẹ́ni kò jáde. Bí àwa bá ń bu oúnjẹ, àwọn olóyè ẹgbẹ́ ni a kọ́kọ́ ń bù fún, a ó sì fi àwo pẹlẹbẹ bo tiwọn.

Ní ti ìjọba, ní 2005, nígbà Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ dán ètò oúnjẹ ọ̀sán wò ní àwọn ìpínlẹ̀ kan àti ní Àbújá níbí. Kò pẹ́ tí ó fi rọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀ṣun kò jẹ́ kí tiwọn kú. Ní 2012, Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún un gbé dìde, wọ́n pè é ní O’Meals. Àwọn ìyá tí ó lé ní 3,000 ni wọ́n gbà láti máa sè é ní àdúgbò wọn, àwọn ọmọ tí ń jẹ ẹ́ sì lé ní 200,000. Ẹ̀yin ará Ìwó, Ẹdẹ àti Ìkìrun tí ẹ wà láàárín wa, ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́ jù mí lọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ti Ọ̀ṣun wà lára ohun tí wọ́n wò ṣe é: àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, N70 fún àwo kan.

Ohun kan dára nínú ètò yẹn tí mo fẹ́ kí á kọ́. Kò sí pé ta ni bàbá rẹ. Bí o bá ti wà ní kíláàsì náà, o ó jẹun. Ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé àti ọmọ ẹni tí ń ti ọmọlanke, àwo kan náà ni. Àbùkù tirẹ̀ wà ní ti owó. N70 ra nǹkan ní 2016. Ní 2022 wọ́n sọ ọ́ di N100. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ta ẹ̀wà, mo mọ ohun tí mùdù kan dà láti ìgbà yẹn. Ẹyin kan ṣoṣo ti kọjá N100. Ìyá tí a gbé irú owó bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, tí a ní kí ó fi sè ìrẹsì tí ó ní ẹran, kí ni yóò ṣe ju kí ó bu omi sí ọbẹ̀ lọ? Gbogbo wa ń pariwo pé àwọn obìnrin wọ̀nyí ń jí ẹran ọmọ. Ó lè wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, ìṣirò tí a gbé fún wọn ni kò jọ.

Ní May 2020, nígbà kòrónà tí ilé-ìwé wà ní títì, wọ́n ní àwọn yóò gbé oúnjẹ náà lọ bá àwọn ọmọ nílé. Kuje níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ariwo sì pọ̀ lórí iye owó tí ó bá a lọ. Ní January 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá àwọn ètò ìrànwọ́ ìjọba dúró fún ọ̀sẹ̀ 6 kí wọ́n lè yẹ ìwé wọn wò, oúnjẹ ilé-ìwé sì wà nínú wọn. Èmi kò sọ pé kí a má yẹ ìwé wò. Owó gbogbo ènìyàn ni, àmáánà ni. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè sọ fún inú rẹ̀ pé kí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ 6.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1906 ni òfin ti fàyè gba bíbọ́ ọmọ ilé-ìwé tí ebi ń pa, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń dá ọmọ tálákà mọ̀ ní ilé-ìwé púpọ̀, àwọn kan sì yàn láti má jẹun rárá. Ní January 2021, tí ilé-ìwé tún wà ní títì, àwọn ìyá ya fọ́tò oúnjẹ tí wọ́n gbé wá fún ọmọ wọn, ó kéré, ó sì tini lójú, gbogbo ayé rí i. Ní London, láti September 2023, Sadiq Khan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa ṣètò rẹ̀ pé gbogbo ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni kí ó máa jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ ẹ́, ta ni yóò fi ta ni ṣe yẹ̀yẹ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “Àfáà, owó London kọ́ ni owó Orozo.” Òtítọ́ ni. A kò lè bọ́ gbogbo ọmọ ní ẹran lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹran kò bá ká gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kí á gé e wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ kí ó kan gbogbo wọn, tàbí kí gbogbo wọn jẹ ẹyin ìlàjì ìlàjì, tàbí kí a má fi ẹran sí i rárá lọ́jọ́ náà. Àwo kan náà kò béèrè owó púpọ̀. Ní ti àwọn òbí tí ó lè san, kí wọ́n máa fi tiwọn sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí àwọn tí kò lè san náà máa mú àpòòwé wá, bó ṣòfo bó kún. Àlájà kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ àsàláátù ni kí ó máa ṣí i, kí ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. A ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ láàárín wa, gbogbo yín ló mọ ẹni tí mò ń sọ.

Àwọn kan tún ní ọ̀fẹ́ ni, kí ni àwọn òbí ọmọ tún ń fẹ́. Ẹ lọ wo ẹsẹ 262 sí 264 nínú Súrà Bákárà. Ọlọ́hun sọ níbẹ̀ pé ìrègún àti ìnira máa ń ba sàráà jẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ rere ṣáájú sàráà tí ìnira tẹ̀lé. Èyí ni pé ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ṣùgbọ́n tí ó kí ọmọ náà dáadáa ti ta ẹni tí ó gbé àpò ìrẹsì wá tí ó sì tú u fó yọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni ó kàn, òun ni a ó jíròrò ní ìpàdé ọjọ́ Àlàádì tí ń bọ̀. Àwọn tí ó mú àbá náà wá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó àti lókè òkun fẹ́ rí ohun tí owó wọn ń ṣe kí wọ́n tó fi òmíràn ránṣẹ́. Ó tọ́ kí wọ́n rí i. Àlùkùránì pàápàá sọ nínú ẹsẹ 271 pé sàráà tí a ṣe ní gbangba dára, ṣùgbọ́n èyí tí a fi pamọ́ tí a gbé fún tálákà ló dára jù fún wa. Ẹ ya fọ́tò àpò ìrẹsì. Ẹ ya ìkòkò, ẹ ya ìwé ọjà tí a fi owó rà, ẹ ya èmi náà pẹ̀lú irùngbọ̀n mi bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má ya ẹnu ọmọ tí ó ń jẹun. Fọ́tò ayé ìsinsìnyí kì í gbó. Ọmọ náà lè di dókítà tàbí gómìnà lọ́la, kí ẹni tí ó bínú sí i lọ gbé e jáde níbi tí a fi í pamọ́ sí.

Nǹkan mìíràn rèé. Àwọn ọmọ Gbagyi tí ilé wọn wà lẹ́bàá ilé-kéwú wa máa ń wá dúró sí ẹnu géètì nígbà tí òórùn ọbẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnì kan lé wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ti Mùsùlùmí ni. Àlejò ni àwa lórí ilẹ̀ àwọn bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí á rántí. Nínú Súrà Ínsánì, ẹsẹ 8 àti 9, Ọlọ́hun yin àwọn tí ń bọ́ tálákà, ọmọ òrukàn àti ẹrú ogun, tí wọn kò retí ẹ̀san tàbí ọpẹ́. Ẹrú ogun ìgbà náà, ta ni? Abọ̀rìṣà tí ó wá bá Mùsùlùmí jagun ni. Bí a bá bọ́ ẹni tí ó gbé idà sí wa, ṣé ọmọ onílé tí ó gbé àwo òfìfo dání ni a ó lé? Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n jókòó.

Mi ò ní gbàgbé àwọn ìyá tí ń sè é. Ànábì sọ pé bí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún wa bá gbé oúnjẹ wá, ẹni tí ó fara da ooru àti èéfín rẹ̀, kí á mú un jókòó jẹun pẹ̀lú wa, bí kò bá ṣeé ṣe, kí á bu díẹ̀ fún un níbẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta tí ń dáná fún wa, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ iná igi, ojú wọn ti pọ́n. Owó ọkọ̀ wọn nìkan ni a ń san. Ẹ jẹ́ kí á san owó iṣẹ́ fún wọn, bó ti wù kó kéré. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá ọmọ tí ó ń purọ́ ààwẹ̀. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí, ó sì ní kí n sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ rántí Úmárù, ọmọ Àlùkàtábì, ní alẹ́ tí ó bá obìnrin kan lẹ́yìn ìlú Mọdínà, tí ó gbé omi lásán kaná kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rò pé oúnjẹ ń jinná, kí wọ́n sì sùn lọ. Ó sáré padà sí ilé ìṣúra, ó gbé ìyẹ̀fun àti ọ̀rá sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Áslámù, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní kí òun bá a rù ú. Úmárù bi í bóyá yóò bá òun ru ẹrù òun ní Àlùkìyáámọ̀. Òun ló sè é, òun ló ń fẹ́ iná, èéfín ń gba inú irùngbọ̀n rẹ̀ kọjá. Obìnrin náà kò mọ̀ pé olórí gbogbo Mùsùlùmí ni. Nígbà tí àwọn ọmọ jẹun tán, Úmárù kò lọ. Ó sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wò wọ́n. Áslámù fẹ́ kí wọ́n máa lọ, kò dá a lóhùn títí àwọn ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì sùn. Ó ní òun rí wọn nígbà tí wọ́n ń sunkún, òun kò fẹ́ lọ láì rí wọn nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìpàdé wa yóò wáyé ní ọjọ́ Àlàádì lẹ́yìn ìrun Àsárì ní iwájú mọ́ṣáláṣí. Ohun mẹ́ta ni a ó fi ọwọ́ sí tàbí kí a kọ̀ ọ́: àwo kan náà fún gbogbo ọmọ, kíkó ìwé orúkọ kúrò lẹ́nu akọ̀wé, àti ọ̀rọ̀ fọ́tò. Bàbá wa Lémọ́ọ̀mù ti ní òun yóò wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àtìní tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀wà tuntun ni a ó sè. Èmi yóò jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ, a ó sì bu tèmi kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá bá mi jẹ ẹ́ nínú ẹ̀yin olóyè, kí ó mú ṣíbí rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ṣíbí kò tó.